Ṣíṣàwárí Ibi Tí Oru Epo Ti Ń Jò Nínú Ọkọ̀

Bí ìdérí táǹkì, rọ́bà tàbí fáàfù kan bá bàjẹ́, oru pẹtiróòlù lè máa sá jáde nínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé epo kán sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì tan iná check engine. Ọkọ̀ kì í sábà tìtorí èyí kú lójú títì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń gbójú fo iná náà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá: oru epo a máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́, a sì máa tètè gbiná.

Ní ìpínlẹ̀ California ni òfin ti kọ́kọ́ dé, ní 1970, pé kí ọkọ̀ tuntun máa kó oru rẹ̀ jọ. Gbogbo Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1971. Inú agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀ ni oru táǹkì ń lọ. Èédú á mú un mọ́ra títí fáàfù tí à ń pè ní purge yóò fi ṣí, tí ẹ́ńjìnnì á fa oru náà wọlé, tí á sì jó o. Vent, fáàfù kejì, ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọ inú agolo.

OBD-II, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń yẹ ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀, di dandan fún ọkọ̀ kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà láti 1996. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á ti vent, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táǹkì, á ti purge náà, á wá máa wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ìta ń yọ́ wọlé. Kì í dán èyí wò bí táǹkì bá kún jù tàbí tí epo bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Kóòdù tí skáánà bá gbé jáde ń sọ bí ihò ṣe tóbi tó, kì í sọ ibi tó wà. P0455 ni ti ihò ńlá; P0442 ni ti kékeré, nǹkan bíi mìlímítà 1; P0456 ni ti èyí tó kéré jù, ìdajì mìlímítà péré. Ẹni tó bá torí kóòdù nìkan lọ ra fáàfù tuntun lè náwó dànù. Ìdérí táǹkì ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ṣé ó dé dáadáa, ṣé rọ́bà etí rẹ̀ kò tíì là? Bí ọkọ̀ bá ń ṣòroó stáàtì kété tí a bá rọ epo sí i tán, purge ni kí a fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, purge tí a bá já wáyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Vent ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá.

Tòkunbọ̀ tó lo ayé rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ oníyìnyín ní Amẹ́ríkà ní ìṣòro tirẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀, ó sì máa ń mú kí ọ̀pá irin tí epo ń gbà wọ táǹkì dípẹtà títí tí yóò fi lu. Kí a tún wo rọ́bà orí táǹkì bí wọ́n bá ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo rí.

Ibi tí ojú kò bá ká, èéfín ló ń fi í hàn. Ẹ̀rọ kan ń sọ òróró di èéfín, á rọra tì í wọ inú páìpù, ibi tó bá sì ti yọ ni ihò wà. Agbára tó fi ń tì í kò tó psi 1. Ẹ má ṣe fi kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fúlùkanáísà dípò rẹ̀, torí ó lè fọ́ táǹkì.

Pípa kóòdù rẹ́ kì í ṣe àtúnṣe. Iná á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò kọ̀ǹpútà náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí skáánà bá fi hàn pé ìdánwò EVAP, ìyẹn ìdánwò oru epo, ti parí, tí kóòdù kò sì padà, la tó lè gbà pé ihò ti dí.