Ewé àti Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìtàn Ìbàràpá wà lẹ́nu àgbà, ó sì wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú méje ni: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Àwọn àgbà ní ara bàrà, irú ẹ̀gúsí kan, ni orúkọ náà ti wá.

Ẹ̀gúsí kò fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí. Ilẹ̀ oníyanrìn tó wà níbẹ̀ bá a mu. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlé, ẹ ó bá òkúta wẹẹrẹ àti yangí, yangí kan náà tí a mọ̀ mọ́ Èṣù.

Ọ̀dàn àti igbó ló pàdé níbẹ̀. Igi emi, irúgbá àti àyìn ni ti ọ̀dàn. Ìrókò àti àràbà ni ti igbó. Ọkọ́, àdá àti iná àgbẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ igbó di ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn baba wa ti ń ṣán oko, wọ́n ń dá emi àti irúgbá sí, nítorí òrí àti irú. Igi tí ẹ rí láàrin oko yẹn, ẹnìkan ló fi í sílẹ̀.

Ewé àjèjì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Lẹ́yìn 1940 ló gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Akíntọ́lá ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti 1959 títí di 1966. Orúkọ ewé náà ń sọ ìgbà fún wa.

Pierre Verger, tí awo mọ̀ sí Fátúnmbí, fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Ewé (1995), bí orúkọ ewé, ọfọ̀ àti odù ṣe so pọ̀. Bí igi bá wá tán ńkọ́? Orúkọ yóò kù lẹ́nu, ewé kò ní sí lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni òwò èédú ń gbé wa lọ ní Ìbàràpá. Igi líle ni èédú fẹ́, àyìn sì le. Emi pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Èyí tí a bá gbìn dípò emi lè lò ju ọdún 15 lọ kó tó so.

Ẹ̀yin awo, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ awo ní ewé, ẹ mú un dé ìdí igi, kó mọ ilẹ̀ tó ti hù. Ẹ ja ewé, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Kí ẹ sì tètè bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tó ta igi náà fún eléèédú. Àṣẹ.