Ibi tí Íǹkì Dúró Sí: Àtúngbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ìtẹ̀ àti Ìparí Iṣẹ́ Láàárín Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́

Èrò kan ti ń gbilẹ̀ nínú ohun tí a ń kọ nípa iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó, pé ìtàn ọ̀nà ìtẹ̀ jẹ́ ìtàn ẹ̀rọ tí ń lé ẹ̀rọ jáde: pé lẹ́tà òjé ló kọ́kọ́ wà, pé ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ló lé e lọ, àti pé ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń pè ní DI ti ń lé ọ́fúsẹ́ẹ̀tì náà lọ báyìí. Àwọn tó gba èrò yìí a máa pín ọ̀nà ìtẹ̀ sí ti àtijọ́ àti ti òde òní, wọn a sì máa ka ìparí iṣẹ́, ìyẹn gbogbo ohun tí a ń ṣe sí ìwé lẹ́yìn tí íǹkì ti kàn án, sí ọ̀ṣọ́ tí oníbàárà lè gbà tàbí kọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni ti ibi tí íǹkì wà nígbà tí iṣẹ́ bá gbẹ tán: ṣé ó wọnú ohun tí a tẹ̀ ẹ́ sí ni, àbí ó dúró lórí rẹ̀? Láti inú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni a ti lè mọ ìparí iṣẹ́ tó tọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yòówù tí ìbáà tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ìtẹ̀wé jẹ́, àti bí a ṣe ń fi ìwúwo ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára káàdì, kò ṣàjèjì sí òǹkàwé jọ́nà yìí, nítorí náà a kò ní dúró lé e lórí. Ìtàn náà pẹ̀lú ti di mímọ̀. Henry Townsend, ajíhìnrere ẹgbẹ́ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn tí wọ́n pè ní Ìwé Ìròhìn sì ti kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, 1859. Robert Campbell bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní Èkó ní 1863. Lẹ́tà òjé tó yọ sókè, tí a fi íǹkì pa lórí tí a sì tẹ̀ mọ́ ìwé, ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì tó dé lẹ́yìn wọn gba ọ̀nà mìíràn: pléètì alumíníọ̀mù tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó ń lò, omi àti òróró tí kì í pò pọ̀ ló sì ń ya ibi tí íǹkì yóò dúró sọ́tọ̀ kúrò níbi tí kò gbọ́dọ̀ dé, kí àwòrán náà tó bọ́ sára rọ́bà, kí rọ́bà sì tó gbé e fún ìwé. Iṣẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ ń fẹ́ pléètì mẹ́rin, owó pléètì wọ̀nyí ló sì mú kí ọ́fúsẹ́ẹ̀tì yẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, nígbà tí DI, tí kò lo pléètì rárá, yẹ fún 50 tàbí 100. Títí débẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ti ń sọ pé ẹ̀rọ kan lé èkejì lọ. Heidelberg kékeré, èyí tó ní apá méjì tó ń yí bírí tí ó fi ń mú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Jámánì ní 1914, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 1985. Bí ìtàn ẹ̀rọ tó ń lé ẹ̀rọ bá jẹ́ òtítọ́, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ló yẹ kí a ti máa wá a. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú, irú ẹ̀rọ yìí ló ń kọ nọ́ńbà sí risíìtì, tó ń gé káàdì sí àwòrán tí oníbàárà fẹ́, tó ń tẹ ojú ìlà tí páálí yóò ti ṣẹ́, tó sì ń fi iná lẹ fọ́ìlì aláwọ̀ wúrà mọ́ ìwé ìpè. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó kúrò ní Ògùdù ní Kòsọ́fẹ́, tó gba Ọjọ́ta bọ́ sí òpópónà Ìkòròdú títí dé Onípan-ún kí ó tó yà sí Ṣómólú, lè rí i pé ṣọ́ọ̀bù kan ni yóò fi DI tẹ káàdì náà, òmíràn ni yóò fi lámínéṣọ̀n, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń fi iná lẹ̀ mọ́ ojú iṣẹ́, bò ó, ẹ̀kẹta tó ní Heidelberg ni yóò sì gé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú àti èyí tí wọ́n ní ó jogún rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì kan ṣoṣo.

Íǹkì tó wọnú àti íǹkì tó dúró lórí

Ìpín tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ohun tó rọ̀ mọ́ ọn pọ̀. Ìwé ìròyìn ni àpẹẹrẹ íǹkì tó wọnú. Ìwé tí a fi ń ṣe é kò ní ìbòrí kankan lójú, nítorí náà ó ń fa òróró inú íǹkì mu. Òróró náà ń wọlé lọ, àwọ̀ sì ń há sáàárín fáíbà, èyí tí í ṣe òwú tín-ín-rín inú igi tí a fi ṣe ìwé. Íǹkì bẹ́ẹ̀ kì í le, ìdí sì nìyí tí ìwé ìròyìn fi ń kun ọwọ́ ẹni tó ń kà á. Ìdí kan náà ló mú kí àmì tóótòòtó tí a fi ń ṣe àwòrán máa fẹ̀ sí i lórí irú ìwé yìí, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìlà 85 nínú ínṣì kan ni wọ́n ń lò fún ìwé ìròyìn, nígbà tí wọ́n lè lo 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún art paper, ìwé dídán tí a fi ẹfun bò lójú.

Art paper fúnra rẹ̀ wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé. Díẹ̀ nínú òróró íǹkì ọ́fúsẹ́ẹ̀tì ń wọ inú ìbòrí ẹfun náà kíákíá, ìyókù ń dúró lókè, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ń mú un le díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Atẹ̀wé tó mọṣẹ́ yóò jẹ́ kí iṣẹ́ gbẹ dénú kó tó gbé e lọ fún lámínéṣọ̀n. Bí ó bá kánjú, tàbí tí ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ ń fọ́n sáàárín ìwé kí ọ̀kan má baà kun èkejì bá pọ̀ jù, ọ̀rá náà kò ní lẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ rẹ̀, ojú iṣẹ́ yóò sì máa ṣe funfun bàìbàì níbi tó yẹ kó ti dúdú. Oníbàárà a máa rò pé íǹkì ni kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò gbígbẹ ni wọn kò fún un.

Tónà tí DI ń lò kò wọnú ohunkóhun. Ike lúbúlúbú ni, tí iná ẹ̀rọ ń yọ́ tí ó sì ń tẹ̀ mọ́ ojú ìwé, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Bí a bá ṣẹ́ káàdì bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rá bò ó, pàápàá tí ìlà ìṣẹ́ bá dábùú ìtò fáíbà, tónà yóò sán, funfun ìwé yóò sì yọ. Nínú iṣẹ́ yìí, lámínéṣọ̀n ló ń di àwọ̀ mú. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀ṣọ́ kò tíì wo ojú ìṣẹ́ káàdì dáadáa. Síwájú sí i, àwọn ẹ̀rọ DI kan ń fi òróró sílíkónì sílẹ̀ lójú ìwé, ọ̀rá lásán kì í sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó fà á tí àwọn aṣọ̀rá fi ń ṣe èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lágbára jù fún iṣẹ́ DI. Nípa báyìí, ẹ̀rọ òde òní gan-an ni ìparí iṣẹ́ jẹ́ dandan fún jù. Ìpín sí àtijọ́ àti òde òní kò lè ṣàlàyé èyí, nítorí ohun tó ń pinnu rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀rọ: ibi tí àwọ̀ dúró sí ni.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere jù lọ. Ọ̀rá kì í fa omi, kì í fa òróró, nítorí náà kò sí íǹkì tó lè wọ inú rẹ̀. Kí íǹkì tó lè dì í mú rárá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná mànàmáná ná ojú ọ̀rá náà kí agbára ojú rẹ̀ lè gòkè dé nǹkan bíi 38 dyne, tí í ṣe òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò. Lẹ́yìn èyí ni a ó lo íǹkì tí omi apòólò rẹ̀ máa ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ wéré. Flexo ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ fún un, pléètì rẹ̀ sì jẹ́ ohun rírọ̀ bíi rọ́bà tí lẹ́tà ara rẹ̀ yọ sókè, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà òjé Townsend ti yọ sókè. Ọ̀nà tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ kú yìí ló ń tẹ ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń mu omi láti inú rẹ̀. Bí iná náà kò bá tó, àkọlé yóò máa ṣí lọ́wọ́, nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn, yóò sì pòórá kí omi tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mu ún.

Fún ọ̀rá bisikíìtì àti nudulu, wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ mìíràn: wọ́n ń tẹ àwòrán náà lódì sí ẹ̀yìn ọ̀rá tó mọ́ gaara, wọ́n sì ń lẹ ọ̀rá kejì mọ́ ọn, kí íǹkì lè wà láàárín méjèèjì níbi tí èékánná kò lè dé. Ìtẹ̀ àti ìparí iṣẹ́ ti di ọ̀kan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tí èkíní ti parí. Ní ti fáníìṣì UV, omi dídán tí ìmọ́lẹ̀ kan ń mú le láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí a sì ń fi sí ojú orúkọ tàbí àwòrán nìkan lórí lámínéṣọ̀n tí kò dán, ọ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, fọ́ìlì wúrà pẹ̀lú sì ni. A kò jiyàn èyí. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí a tìtorí wọn sọ gbogbo ìparí iṣẹ́ di ọ̀ṣọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ìpín yìí má kárí gbogbo iṣẹ́. Aṣọ tí a fi síkíríìnì tẹ̀, fún àpẹẹrẹ, lè bọ́ sí apá méjèèjì nígbà tí íǹkì olómi bá wọnú òwú tí íǹkì oníke sì dúró lórí rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé iye owó yóò máa ṣí DI síwájú títí iṣẹ́ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì yóò fi dínkù. Síbẹ̀, ó ṣòro láti rí bí ẹni tó bá ti tọ káàdì kan láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn ní Ṣómólú yóò ṣe tún máa ka ọjọ́ orí ẹ̀rọ sí ohun tó ń pinnu ìdára iṣẹ́.

Íǹkì àti oúnjẹ

Apá kan wà tí ìwádìí kò tíì fún ní àyè tó yẹ ẹ́, òun ni iṣẹ́ tó kàn. Lójú ọ̀nà ní Ògùdù, Kétu àti Máìlì 12, ìwé ìròyìn àtijọ́ ṣì ni wọ́n fi ń dì àkàrà gbígbóná. A ti sọ pé íǹkì inú rẹ̀ kì í le. Òróró àkàrà àti ooru rẹ̀ sì ni ohun tó lè yọ ọ́ jáde. Ní Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, àwọn onímọ̀ kẹ́míìsì ti fi hàn pé òróró inú íǹkì ìwé ìròyìn máa ń bá ìwé àtúnlò dé inú páálí, tí yóò sì ti ibẹ̀ kó sínú oúnjẹ gbígbẹ láìfi ara kàn án. Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú ní Èkó láti oṣù Kìíní 2024, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de abọ́ fóòmù tí àwọn olóúnjẹ ń lò, tí páálí tí a tẹ orúkọ ilé oúnjẹ sí sì ń gba ipò rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ irú íǹkì tó wà lára páálí wọ̀nyí, ìhà tí a tẹ̀ ẹ́ sí, bóyá ohun kan bo inú rẹ̀, àti bóyá ìwé àtúnlò ni. Ó yẹ kí a mú ewé eéran àti ewé gbòdògì wọnú ìwádìí náà pẹ̀lú, nítorí àwọn ni a fi ń dì ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí ìwé tó dé, oúnjẹ tí a dì sínú wọn kò sì bá íǹkì kankan pàdé.