Gba Iná, Gbiná: Ìtàn bàálù oníná kékeré, àti bí a ó ṣe ròyìn rẹ̀ ní àwọn òkè Dassa-Zoumè

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni bébà yìí dá lé: *gba*. Bí a bá so ó mọ́ *iná*, ohun méjì ló lè jáde. Bátìrì tó ń *gba iná* ń ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún. Bátìrì tó *gbiná* ti di àjálù. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ ìpajẹ fáwẹ̀lì tó wà láàárín méjèèjì: /a/ ni a pa jẹ, /i/ dúró, ìtumọ̀ sì yí padà pátápátá. Ìtàn bàálù oníná, láti 1883 títí di òní, kò ju ìsapá láti má jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ di ti èkejì.

Kí ló kan Dassa-Zoumè nínú èyí? Ìlú olókè 41 ni, àwọn ọmọ Ìdáàṣà ló ni ín, èdè wọn sì wà lára àwọn tí àwọn onímọ̀ èdè kan ń kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ Ede. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé ìwé. Igi kajú pọ̀ ní ẹkùn Collines tí ìlú náà wà, ní Bénin náà sì ni ètò BeninCajù, tí àjọ TechnoServe darí, ti lo àwòrán láti inú drone àti satẹ́láìtì láti fi mọ ibi tí igi kajú wà. Drone kì í ṣe nǹkan mìíràn ju bàálù oníná kékeré tí rédíò ń darí. Ìkìlọ̀ tó wà lára bátìrì rẹ̀ sábà máa ń wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí èdè Ṣáínà. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kan irú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ náà ní èdè ìyá rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. *Bàálù* tí à ń pe ọkọ̀ òfurufú jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú *balloon* ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín pé a pe nǹkan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ti bàálù oníná, orúkọ náà bá a mu rẹ́gí. Ní 8 oṣù kẹwàá 1883, ní Auteuil ní Paris, Gaston Tissandier àti Albert ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbéra nínú bàálù olóyẹ́ tí mọ́tò iná ń tì. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ borí rẹ̀. Ní 9 oṣù kẹjọ 1884, Charles Renard àti Arthur Krebs wa La France fún nǹkan bí kìlómítà 8 láàárín ìṣẹ́jú 23, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti gbéra. Bátìrì rẹ̀ nìkan wúwo tó kìlógíráàmù 435.

Ìwúwo yẹn ló dá gbogbo nǹkan dúró fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Ní 30 oṣù kẹfà 1957, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Colonel H. J. Taplin fi bátìrì fàdákà òun síńkì gbé bàálù àwòṣe kan tó ń jẹ́ Radio Queen sókè. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí rédíò darí tó wọ àkọsílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Jámánì, Fred Militky mú tirẹ̀ fò, láìsí rédíò. Lẹ́yìn náà ni bátìrì nickel-cadmium gbòde. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù: bí o bá ṣì í lò díẹ̀, ó fara dà á.

Lithium polymer, tó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn 2000, fúyẹ́, agbára rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá fóòtì 4.2 nígbà tó bá ń gba iná, kò sì yẹ kó lọ sí ìsàlẹ̀ 3.0 nígbà tí a bá ń lò ó. Bí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan bí 3.8 ló dára. Láàárín *gba iná* àti *gbiná* ni ọ̀rọ̀ kẹta wà, *wú*. Gbogbo ẹni tó ní fóònù mọ̀ ọ́n: "bátìrì mi ti wú." (Lára fóònù ni èmi náà ti kọ́ ọ, kì í ṣe lára bàálù.) Bátìrì tó wú kì í tún fò mọ́. Inú ìkòkò amọ̀ tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún èyí tó ṣì dára ní iná, kí ẹnì kan sì jókòó tì í.

Ewu kejì kò ní ariwo. Ẹ́ńjìnnì elépo tó bá kú, ó kú nìyẹn. Mọ́tò oníná wà láàyè láti ìgbà tí a bá ti so bátìrì mọ́ ọn, ó sì lè yí abẹ̀bẹ̀ lu ọwọ́ ẹni láìpariwo tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń tan rédíò ká tó so bátìrì, tí a sì ń tú bátìrì ká tó pa rédíò. Bí ẹ bá ń dán an wò lórí tábìlì, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò.

Láyé àtijọ́, ẹni méjì tó bá tan rédíò lórí ìkànnì kan náà yóò já bàálù ara wọn lulẹ̀. Wọ́n gbé pákó kan kalẹ̀ ní pápá, péègì kan fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní péègì lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tan rédíò. 2.4 GHz ti fi òpin sí ìyẹn. Mo rò pé ohun kan bá a lọ: àṣà kéèyàn kọ́kọ́ béèrè kó tó gbéra.

Ní Dassa, ìbéèrè ṣì pọ̀. Òkè mìíràn jẹ́ ojúbọ, ó sì ní àgbà tó yẹ ká kí. ANAC ló ń bójú tó òfurufú Bénin. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fi nǹkan bí mítà 120 ṣe òpin, láti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bàálù, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹni tó dúró lórí òkè tó sì rán bàálù sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè kọjá òpin náà láìmọ̀. Lẹ́yìn òkè, afẹ́fẹ́ máa ń yí po, á sì ti bàálù lulẹ̀. Bí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bá kún Arigbo ní oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò lórí wọn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bátìrì tó já sínú koríko gbígbẹ lè jó oko kajú odidi ìdílé kan.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí a kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: *Má ṣe fi bátìrì sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná.* Bí a bá sọ ọ́ kíákíá, fáwẹ̀lì á wọnú ara wọn, ẹni tó ń gbọ́ yóò sì bi wá pé èwo nínú méjèèjì ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni a fi *gba iná* sí nínú ìkìlọ̀ náà, a kò sì pa fáwẹ̀lì kankan jẹ.