Ààbò Bàálù Kì Í Ṣe Ààbò Kámẹ́rà

Ayafọ́tò tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sókè òkun lè rò pé, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti yẹ ẹrù òun wò ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹrù náà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìtàn òfin ẹrù kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí èrò ni wọ́n torí rẹ̀ ṣòfin, aburú ló sì sábà máa ń ṣáájú òfin. Oṣù Kìíní ọdún 1973 ni Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan láti máa yẹ gbogbo èrò àti báàgì ọwọ́ wọn wò, nítorí àwọn tó ń fipá gba bàálù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988, bọ́ǹbù tí wọ́n fi pamọ́ sínú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí kan fọ́ bàálù Pan Am 103 lókè ìlú Lockerbie ní Scotland, ènìyàn 270 sì kú. Ni ojú bá kúrò lára báàgì ọwọ́ nìkan, ó kan àpótí tó ń wọ ikùn bàálù. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wá bọ́ǹbù nínú àpótí dé láàárín àwọn ọdún 1990, ó máa ń dojú ìtànṣán líle kọ ibi tó bá fura sí, ìtànṣán náà a sì fa ìlà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan sára fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀. Iṣẹ́ olówó iyebíye lè bàjẹ́ báyìí láìjẹ́ pé olè fọwọ́ kàn án.

Ti àgádágodo tún hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo àpótí wò, ó pẹ́ tán, ní ìparí ọdún 2002. Bí àpótí bá wà ní títì, òṣìṣẹ́ lè já àgádágodo rẹ̀. Lọ́dún 2003 ni irú àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ ìjọba lè ṣí dé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, ìwé ìròyìn Washington Post gbé àwòrán àwọn kọ́kọ́rọ́ náà jáde, eyín wọn hàn ketekete. Lọ́dún 2015, àwọn kan fi ẹ̀rọ 3D tẹ irú wọn, ó sì ṣí àgádágodo náà.

Àwọn kan á ní ẹ̀mí ju kámẹ́rà lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Síbẹ̀, òfin kan náà lè kó ẹ̀mí àti kámẹ́rà sínú ewu. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Amẹ́ríkà ní kí èrò láti pápákọ̀ mẹ́wàá ní Àríwá Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn kó kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà sí ikùn bàálù. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2008 ni òfin Amẹ́ríkà kan náà ti ka gbígbé àfikún bátìrì líthíọ́ọ̀mù síbẹ̀ léèwọ̀, nítorí òṣìṣẹ́ bàálù kò lè dé ìdí iná tó bá sọ nínú ikùn bàálù láti pa á.

Àwọn mìíràn á ní ilé iṣẹ́ bàálù yóò san owó gbà-má-bínú. Yóò san án, ṣùgbọ́n Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ti pààlà sí iye tó lè san fún èrò kan, kámẹ́rà kan àti lẹ́ńsì rẹ̀ sì lè gbówó lórí ju iye náà lọ, àfi bí ẹni tó ni ẹrù bá ti kéde iye rẹ̀ tó sì san àfikún owó ṣáájú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kámẹ́rà, lẹ́ńsì, bátìrì àti mẹ́mórì káàdì wà nínú báàgì ọwọ́, kí ẹsẹ̀ kámẹ́rà àti okùn iná wọ àpótí, kí nọ́ńbà ara irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lákọsílẹ̀. Ìjọba ló ni ìṣọ́ bàálù. Ayafọ́tò ló ni ìṣọ́ irinṣẹ́ rẹ̀.