Táyà ló yẹ kí onípikọ́ọ̀pù kọ́kọ́ wò kó tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ Hilux gba ọ̀nà oko ní agbègbè Òkè-Ògùn lásìkò òjò yóò mọ ìdí tí àwọn onímọ́tò fi ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga díẹ̀ sí i. Ọ̀nà ọlọ́dà wà láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti yà wọ inú oko ẹ̀gẹ́ àti iṣu, ipa jíjìn tí táyà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbẹ́ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí pikọ́ọ̀pù kọjá láì há. Ohun tó sì ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé kí mẹkáníìkì pààrọ̀ sípíríǹgì. Èrò náà kò burú, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń náwó síbi tí ìṣòro kò sí.

Irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn Hilux méjèèjì pọ̀, ìkòkò jíà sì wà láàárín irin ọ̀hún. Ìkòkò yìí ló sábà máa ń kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 kún gíga sípíríǹgì, ara ọkọ̀ yóò gòkè, jíà iwájú yóò bá a lọ, ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀yìn kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e.

Èyí ló mú kí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ Hilux ló ń lo 265/65R17. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 17 ni íǹṣì ríìmù. Bí onítọ̀hún bá pààrọ̀ rẹ̀ sí 265/70R17, táyà náà yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 26 ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlàjì rẹ̀, ìyẹn 13, ni ìkòkò jíà yóò fi gòkè. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ nínú ẹrẹ̀, ó lè jẹ́ òun ni yóò yọ ọkọ̀. Kí awakọ̀ rántí pé bí aago ìsáré bá ń fi 100 hàn, ọkọ̀ ti ń sá 103. Kó sì yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, kó wò ó bóyá táyà ń ha ara ọkọ̀.

Bí ó bá ń ha á, tàbí tí ikùn ọkọ̀ ṣì ń gbá ilẹ̀, ìgbà náà ni kí wọ́n tó ronú sípíríǹgì. Sẹ̀ǹtímítà 5 ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oríkèé irin tó ń yí táyà iwájú yóò máa tẹ̀ kọjá ààlà, rọ́bà bíréèkì lè fà le, ọkọ̀ yóò sì máa fì ní kọ́nà, pàápàá tí àwọn èèyàn bá jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún ara wọn ló dára, kì í ṣe irin tí wẹ́dà jó mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í kó ẹrù lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ra sípíríǹgì ẹ̀yìn tó le jù, nítorí ọkọ̀ òfìfo yóò máa ta bí ẹṣin. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí wọ́n ṣe aláínmẹ́ǹtì, kí wọ́n sì tẹ iná iwájú sílẹ̀ kó má baà máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Táyà onílẹ́tà M/T ló mọ ẹrẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ lórí ọ̀dà, ó sì ń tètè jẹ. A/T ló bá ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sóko mu. Láti ìgbà tí Michelin ti ti iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró n'Ìkẹjà lọ́dún 2008, ilẹ̀ òkèèrè ni táyà tí wọ́n ń tà ti ń wá. Òfin ka kíkó tòkunbọ̀ wọlé léèwọ̀ fún irú ọkọ̀ yìí, síbẹ̀ ó wà ní gbogbo ìsọ̀. Kí ẹni tó ń rà á wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí táyà bá ti pẹ́ lọ́jọ́ orí, bó ti wù kí eyín rẹ̀ jinlẹ̀ tó, rọ́bà rẹ̀ ti gan, ó sì lè bẹ́ lórí eré.

Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni táyà ìpamọ́. Tí mẹ́rin bá yí padà, kí ìkarùn-ún náà yí padà, torí pé bí gíga wọn kò bá dọ́gba tí wọ́n sì ki jíà tó ń fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ líle, jíà náà ni yóò jìyà rẹ̀.