Ọwọ̀ Lójú Olùdìbò àti Lójú Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ láti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáárà

Ìlà díẹ̀ lórí ìwé lè dúró fún odindi nǹkan bí ẹni tí ń wò ó bá ti mọ nǹkan náà tẹ́lẹ̀. Lórí kókó yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ti ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá ohun èlò mọ̀ nínú àwòrán, tí ó sì fi ọwọ̀ tí wọ́n ń lò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ṣe àpẹẹrẹ.

Àwòrán Lójú Olùdìbò

Nínú ìdìbò ọdún 1959, nígbà tí ìlú méjèèjì ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àwòrán ni wọ́n fi mọ àpótí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pẹ ni ti Action Group, àkùkọ ni ti NCNC. Àgbẹ̀ tàbí apẹja tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò ṣe àṣìmú. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ACN mú ọwọ̀, APC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013 sì gbà á lò. Ọwọ̀ yìí kò ní igi gígùn: imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ha, tí wọ́n sì dì pọ̀ ni.

Àwòrán Lójú Kọ̀ǹpútà

Ní 1963, Ivan Sutherland ti MIT ní Amẹ́ríkà ṣe Sketchpad, tí ó jẹ́ kí ènìyàn lè ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà pa ìlà mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ìlà ń sọ. Ní 2012, Eitz, Hays àti Alexa kó 20,000 àwòrán oríṣi nǹkan 250 jọ. Ènìyàn dá nǹkan bí 73 mọ̀ nínú 100. Kọ̀ǹpútà dá 56 mọ̀. Ní 2015, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Queen Mary University of London dé nǹkan bí 75. Ní 2016, Google gbé eré Quick, Draw! jáde. Nígbà tí ó di 2017, ó fi 50 mílíọ̀nù àwòrán oríṣi nǹkan 345 sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ọwọ̀ fún ẹ̀rọ náà. Àwòrán tí a ti fún lórúkọ ni wọ́n ń kó fún un, títí ìdáhùn rẹ̀ yóò fi bá orúkọ mu. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá yà ni ọwọ̀ lójú rẹ̀. Bí àwọn tí ó pọ̀ jù bá ya ọwọ̀ onígi gígùn, ó ṣeé ṣe kí ó pe ṣàṣàrà ọwọ̀ ní nǹkan mìíràn. Ní ti odó, kò tilẹ̀ sí lára oríṣi 345 náà.

Ìkádìí

Olùdìbò àti ẹ̀rọ jọra: ohun tí wọ́n bá ti rí rí ni wọ́n lè dá mọ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kó àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yà jọ, kí wọ́n sì fún un lórúkọ ní èdè Yorùbá. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó ya ọwọ̀ ilé ìyá rẹ̀ dáadáa yóò máa rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n yà.