Sísin àkekèé ńlá (Pandinus imperator)

Àkekèé ńlá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Pandinus imperator, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àkekèé tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Ẹranko apẹranjẹ tí kò ní eegun ẹ̀yìn ni, ó dúdú, ó sì lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Carl Ludwig Koch, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1841. Ó wà ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní agbègbè náà. Àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń sìn ín nínú ilé.

Ìgbé ayé
Inú ihò, abẹ́ igi tó ti wó àti inú ògán ni ó ń gbé, òru ni ó sì ń jáde. Ikán, ìrẹ̀, ọ̀kùn àti àwọn kòkòrò mìíràn ni ó ń jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó rí bí ẹ̀mú ni àgbà rẹ̀ fi ń mú ohun ọdẹ. Kì í sábà ta á. Kì í yé ẹyin, ọmọ ni ó ń bí, oyún rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn ìyá wọn ni àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń wà.

Ààbò lábẹ́ òfin
Nítorí pé kì í tètè bí sí i, iye rẹ̀ nínú igbó kì í tètè padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá kó o jù. Ní ọdún 1995, wọ́n fi í sí Àfikún Kejì àdéhùn CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó. Àfikún yìí kò fòfin de òwò náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó àkekèé náà lọ sí òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba.

Ìtọ́jú
Àpótí dígí tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa ni a ń fi sí. Erùpẹ̀ ọlọ́rinrin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà kí ó lè gbẹ́ ihò. Ó tún nílò ibi ìfarapamọ́, abọ́ omi tí kò jìn, àti ooru tó wà láàárín 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìrẹ̀ tàbí aáyán ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a mú nínú ilé tí wọ́n fín oògùn apakòkòrò sí. Bí ó bá ń bọ́ èèpo ara, ara rẹ̀ máa ń rọ̀. A gbọ́dọ̀ kó ìrẹ̀ ààyè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n má baà gé e jẹ.

Oró rẹ̀
Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, títa rẹ̀ kò ju ti oyin lọ, ṣùgbọ́n ó lè léwu fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irú oró bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ kíákíá. Yorùbá ní àkekèé kò ṣé dì níbò: ife tàbí ike ni a fi ń gbé e, kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Ojúṣe olùsìn
Èyí tí wọ́n bí sínú àhámọ́ ni ó yẹ kí olùsìn rà, nítorí pé gbogbo èyí tí a bá mú nínú igbó ń dín irú-ọmọ tó kù níbẹ̀ kù. Bí ó bá sì sú u, kò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ sí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀; olùsìn mìíràn tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ ni kí ó fún.